Kafé Tí Mi Ò Sọ Oko Rẹ̀

Nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń fi tipátipá kó èèyàn lọ la ọ̀nà, ilé òyìnbó tó ń mójú tó igbó ìjọba ní Bassila ni mo ti ń dáná. Ọmọ Manigri, ìlú tí kò jìnnà sí Bassila, ni mí. Ọkọ mi ti kú, iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń bọ́ ọmọ méjì.

Ìyàwó òyìnbó náà, Màdáámù, ní ìkòkò irin kékeré kan tó gbé wá láti ìlú wọn. Omi á wà nísàlẹ̀, kafé lílọ̀, ìyẹn kọfí, á wà láàárín. Bí iná bá mú un, omi á gba inú kafé kọjá sókè, á dúdú, á ki, ìfófòó pupa á sì bò ó lójú.

Lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló da kafé tí mo sè nù, pé kò dùn. Ó ní, "Ọ̀gá ọkọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí kafé bá tún rí báyìí, kó ẹrù rẹ máa lọ."

Mo bu kafé tútù, èyí tí a kò tíì yan, nínú àpò tí oníṣòwò gbé wá. Òórùn àpò tí òjò pa ló ń rùn. Mo fi eyín gé ẹyọ kan, ó rọ̀ bí ẹ̀pà tó ti bu.

"Màdáámù, yíyan kò lè tún èyí ṣe. Ẹ jẹ́ kí n dé Manigri."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní igi kafé díẹ̀ létí odò, lẹ́yìn oko iṣu rẹ̀. Kí n tó dé, ó ti da ti ọdún náà sínú omi, ó ti kó èyí tó léfòó dànù, ó sì ti sá ìyókù gbẹ. A jọ ṣa èyí tó dúdú àti èyí tí kòkòrò ti lu kúrò. Ó ju ẹyọ kan sínú àwo, ó dún gbàn-ín.

"Èyí tó bá dún báyìí ló gbẹ dáadáa." Ló bá di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, má dárúkọ oko mi fún wọn o. Bí wọ́n bá mu ún lónìí, lọ́la wọn á wá ka igi. Lọ́túnla, wọn á ní kí gbogbo Manigri fi iṣu sílẹ̀, kí wọ́n gbin kafé."

Mo ṣèlérí fún un.

Lọ́jọ́rú mo yan án títí ó fi ń ta pàrà. Màdáámù fẹ́ kí n lọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò kan lẹ́nu.

"Bó bá bàjẹ́, orí rẹ ló wà," ó ní.

Ọ̀gá náà dé. Ó mu ún tán. Ó tún béèrè òmíràn, ó wá ní kí wọ́n pè mí.

"Níbo lo ti rí kafé yìí?"

Ọkọ Màdáámù ti fa kálàmù yọ láti kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ọjà ni, Mùsíè. Obìnrin kan tó ń bọ̀ láti Tógò ló tà á fún mi."

Ọkọ Màdáámù wò mí. "Ṣé kì í ṣe Manigri lo lọ lọ́jọ́ Ajé ni?"

Màdáámù nìkan ló mọ ohun tí mo tìtorí rẹ̀ lọ. Ó gbé ago rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ìyá rẹ̀ ló ń ṣàìsàn," ó ní. "Ọjọ́ tó dé ni mo rán an lọ́jà."

Ọkọ rẹ̀ dá kálàmù padà sápò.

Nígbà tí àlejò lọ, Màdáámù bá mi ní ilé ìdáná. "Má tún jẹ́ kí n purọ́ fún ọkọ mi mọ́," ó ní, ó sì jáde. Mo jókòó sórí igi ìdáná, mo sunkún.

Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá àánú mi ló ṣe é, tàbí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá a pín kafé náà ni. Lọ́dọọdún tí wọ́n fi wà ní Bassila, mo ń gbé díẹ̀ wá fún un láti Manigri. Kò béèrè oko ẹni tó ti wá, ẹnikẹ́ni kò sì wá ka igi ẹ̀gbọ́n ìyá mi.