Iná Oṣó Keje

Ta ni kò mọ ìtàn ọjọ́ tí olóògbé já wọ ibi tí wọn ò fi í sí nínú eré? Eré orí rédíò ni, gbogbo ìlú sì ń gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́. Ọmọ ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sínú òtútù, àwọn òṣèré ń sunkún, ni bàbá bá ṣílẹ̀kùn wọlé, ó sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní, "Ọmọ ọba, iná wà lọ́dọ̀ mi o! Yà wá yáná!" Ọmọ ọba ní, "Ẹ ṣé, bàbá," kó tó rántí pé òun ti kú.

Oṣó méje làwọn àgbà rán sí ọmọ ọba nínú eré náà. Mẹ́fà gba ààrá, wọ́n gba ogun, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ gígùn. Èkeje, ipa ti bàbá, ni wọ́n ní kó dáná sí ẹsẹ̀ òkè, kó máa dúró de ọmọ ọba. Obìnrin tó ń kọ eré náà wá gbé ọmọ ọba gba inú igbó. Ó parí, wọn ò pe oṣó keje mọ́.

Aago ni bàbá ń tún ṣe jẹun, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ̀. Oníbàárà tó bá ní oṣó ò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, aago rẹ̀ ò ní tètè rìn. Gbogbo ẹni tó ń kánjú ló gbà pé akọni ni oṣó.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò gbà.

Bàbá á bi í pé, "Ṣé wọ́n ní kó gba ọmọ ọba là ni, àbí wọ́n ní kó dáná?"

"Wọ́n ní kó dáná."

"Iná ọ̀hún kú?"

"Oúnjẹ yín ló ń tutù. Oṣó yín ò ṣe nǹkan kan."

Nígbà tí àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn, ó tún bi í. Ó wu ìyá, aya rẹ̀, kó ní oṣó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé bí òun bá gbà, a jẹ́ pé òun ń dágbére nìyẹn. Ló bá ní, "Ẹ dìde ná, ká lọ máa jiyàn rẹ̀ nílé." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Kò dìde mọ́.

Obìnrin tó ń kọ eré wá kí opó nílé. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. "Ó dùn mí gan-an. Oṣó tiẹ̀ ò kúkú rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe."

"Ta ló ní kò ṣe é?" Ìyá ti dìde. "Àwọn mẹ́fà tí ẹ kó ààrá fún, èwo ló gba ọmọ ọba yẹn là nínú wọn? Wọ́n ní kó dáná, ó dáná. Wọ́n ní kó dúró, ó dúró. Ẹ̀yin lẹ mú ọmọ ọlọ́mọ gba inú igbó! Ẹni tí ò yà, ṣé ẹjọ́ ẹni tó dáná ni?"

Ìyá ro ẹjọ́ oṣó títí, bí bàbá ṣe máa ń rò ó gẹ́lẹ́, òun tó máa ń ṣe bí ẹni tí kì í gbọ́. Nígbà tó yá, àlejò gbọ́wọ́ sókè.

"Ó tó, ìyá. Mo gbà. Ó ṣe é."

Inú ìyá dùn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú sí yàrá.

"Bàbá! Ẹ gbọ́? Ó gbà o!"

Ìyá dúró síbẹ̀, ó ń retí èsì, kó tó wá jókòó, kó sì sunkún ọkọ rẹ̀.