Ogún Ìṣó Láàárín Ọfà Méjì

Bí alùpùpù bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Mọ́nsúrù kọjá ní Láfẹ́nwá, kò ní láti gbójú sókè kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. "Fáàfù ìyẹn ti ń jò," á ní. Tàbí, "Ìyẹn ò ní dé Ìbarà." Kò sì ní dé Ìbarà lóòótọ́. Ilé aláàdìrẹ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti jókòó ti ìyá rẹ̀ ní Ìtòkú. Ó lọ kọ́ àtúnṣe kẹ̀kẹ́ ológeere, ibẹ̀ ló ti bọ́ sídìí alùpùpù. Àsíátù ìyá rẹ̀ a máa sọ fáwọn oníbàárà pé, "Ọmọ mi sá fún aró, ó lọ kó sínú epo dúdú. Ẹ bá mi wò ó, èwo ló mọ́ nínú méjèèjì?"

Ìrun márùn-ún kì í yẹ̀ lórí Mọ́nsúrù. Kò ṣí ẹ́ńjìnnì kankan rí láìpe Bísímílá, tẹ̀sùbáà rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ. Lọ́dún 1982, níbi ìdíje alùpùpù táwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lójú ọ̀nà Kọ́bapẹ́, òun ló tún alùpùpù ṣe fún Dìran, ọmọ Ẹ̀gbá kan tó ń díje. Ó gbàdúrà sí i, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ kan nítorí rẹ̀. Ìdajì ọ̀nà ni ẹ́ńjìnnì náà nọ́ọ̀kì. Bándélé, ọmọ Ṣágámù tó gbégbá orókè, wá bá a lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́! Bó bá dọdún tó ń bọ̀, ẹ bá a fi pẹ́dàlì sí i!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di inú mú. Láti ọjọ́ náà, bí Mọ́nsúrù bá dúró kírun, ahọ́n rẹ̀ á wọlé, ọkàn rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ẹnì kan tilẹ̀ ń gbọ́? Á tọrọ àforíjì fún ìbéèrè náà. Ìbéèrè náà á tún padà wá.

Ọdún yípo. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ìdíje ku ọ̀la, nígbà tí Dìran já wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àpótí kékeré kan láyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Bọ̀ọ̀dá Mọ́nsúrù! Ó ti dé! Àǹtí Títílọlá, ẹ̀gbọ́n mi, fi í rán ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù!"

Bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e, Bàbá Ògúnlọlá, àgbẹ̀ Odeda. Ó ní òun fẹ́ fojú òun rí inú irin tí ọmọ òun ń gùn.

Kámúṣáàfù méjì ló wà nínú àpótí, wọ́n ń dán bí ojú omi. Ọ̀pá irin tó ní ìkúùkù lára ni kámúṣáàfù. Bó bá ti ń yí lórí ẹ́ńjìnnì, ìkúùkù rẹ̀ á máa tẹ fáàfù ṣí, kí ẹ́ńjìnnì lè mí sínú, kó sì mí síta. Ìkúùkù ti inú àpótí yìí ga ju ti àtijọ́ lọ; ẹ́ńjìnnì tó bá gbé e wọ̀ á máa mí bí ẹṣin tó ń sáré. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá yá jù tàbí tó pẹ́ jù, fáàfù á sọ̀kalẹ̀ pàdé písítìnì tó ń gòkè bọ̀, á sì wọ́ bí ìṣó. Òmíràn ò sì sí, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Èkó.

Inú Mọ́nsúrù dùn, ó nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé bí èyí náà bá bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, òun á ti ṣọ́ọ̀bù, òun á padà sídìí àdìrẹ. Àdúrà wá ńkọ́? Kò fẹ́ dá ìyẹn lóhùn.

Ó pe Bísímílá, ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì. Bàbá Ògúnlọlá bọ́ fìlà.

"Irin kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni," ni bàbá náà wí.

Mọ́nsúrù fi ṣẹ́ẹ̀tì nu ojú. Ọ̀rọ̀ Ògún kò kan òun.

Ó tú àwọn ti àtijọ́ kúrò. Ó yí písítìnì wá sókè pátápátá, ó gbé kámúṣáàfù iwájú sí àyè rẹ̀, ó sì fi ṣéènì kọ́ ọ. Ọfà kan wà lára rẹ̀ tó na orí sí ọ̀kan nínú àwọn ìṣó kéékèèké tó so ṣéènì pọ̀.

"Kí ni ìwé wí?"

Dìran tẹ́ ìwé tó bá àpótí wá. Omi ti ba àwòrán rẹ̀ jẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé kà. "Ó ní ká ka ogún ìṣó, láti ọfà ti iwájú dé ọfà ti ẹ̀yìn."

Mọ́nsúrù fi àtàǹpàkò ti ìṣó kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ka ogún pé. Ó gbé kámúṣáàfù ẹ̀yìn sí i, ó jẹ́ kí ọfà rẹ̀ bọ́ sórí ìṣó tó kà kẹ́yìn, ó sì fi nọ́ọ̀tù dè é. Ó wá fi sípánà mú etí ẹ́ńjìnnì, ó ń fọwọ́ yí i jẹ́jẹ́, torí kì í jẹ́ kí wọ́n tẹ ẹ́ńjìnnì tuntun lẹ́sẹ̀ kó tó fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì.

Kọ́!

Ó dúró gbagidi. Ó dá a padà, ó tún yí i. Kọ́! Ibì kan náà.

"Tuntun ló ń ṣe é," ni Dìran wí, ó ti gbẹ́sẹ̀ lé kíìkì. "Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́, á là!"

"Gbẹ́sẹ̀ ẹ kúrò ńbẹ̀! Fáàfù ló ń kan písítìnì. Bóo bá tẹ̀ ẹ́, ó parí nìyẹn!"

Ó tẹjú mọ́ ṣéènì. Ó tún kà á. Ogún. Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ogún náà ni. "Ọlọ́run, kí ni mo tún ṣe?" ló ń wí nínú. Kò gbọ́ èsì kankan, àfi ohùn bàbá àgbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Mọ́nsúrù, ibo lo ti bẹ̀rẹ̀ kíkà?"

"Láti ibi ọfà ni, Bàbá. Ení rèé." Ó fọwọ́ kan ìṣó tó tẹ̀ lé ti abẹ́ ọfà.

"Èyí tó wà lábẹ́ ọfà gan-an ńkọ́? Ta ló lé e jáde nílé?"

"Òun ni olórí, Bàbá. A kì í kà á."

"Ní ìlú wo?" Bàbá Ògúnlọlá nawọ́ ọ̀tún, ó ń ká ìka kọ̀ọ̀kan. "Ọjà wa, ọrọọrún la ń ná an. Òní tí a ná an ni ení. Ọ̀la, èjì. Ọ̀tunla, ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún, ọjà tún dé. Bí mo bá fi ọjọ́ ọjà sílẹ̀ láìkà, mo gbé iṣu dé ọjà lọ́la ọjà nìyẹn. Ewúrẹ́ ni màá tà á fún!"

Dìran bú sẹ́rìn-ín. Mọ́nsúrù kò lè rẹ́rìn-ín. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀. Tẹ̀sùbáà ló ń fà lórí ẹ́ńjìnnì! Ilẹ̀kẹ̀ gígùn tó wà lórí tẹ̀sùbáà, tí wọ́n ń pè ní lèmọ́mù, ẹnikẹ́ni kì í kà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ogún ọdún ni àtàǹpàkò rẹ̀ ti fi mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ìṣó kan péré ló fi lé e.

Ó tú u. Ó kà á lọ́tun, ó fi ti abẹ́ ọfà ṣe ení. Ó dé e, ó fi sípánà mú un, ó dijú. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń lọ bí ọ̀bẹ nínú ọ̀rí.

"Dìran! Tẹ̀ ẹ́!"

Ẹ́ńjìnnì náà gbó, ó sì ké! Adìẹ fò gun òrùlé, agolo nọ́ọ̀tù jó kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá Ògúnlọlá ń fò sókè bí ọmọdé, ó ń ju fìlà, "Irin ń sọ̀rọ̀ o! Irin ń sọ̀rọ̀!" Mọ́nsúrù dì mọ́ ọn tòun ti epo lọ́wọ́, ó bà á ní agbádá jẹ́, kò sẹ́ni tó bìkítà.

Lọ́jọ́ kejì ní Kọ́bapẹ́, wọ́n ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Dìran já yọ ní kọ́nà, ó dorí kodò bí àwòdì, Bándélé wà lẹ́yìn tó ń jẹ eruku rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọjá ìlà. Ariwo sọ! Àwọn Ẹ̀gbá gbé Dìran kúrò lórí máṣíìnì kó tó dúró tán.

Bándélé wá, ó ń mí hẹ̀lẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ dákun, kí lẹ fi sí nǹkan yìí?"

"Pẹ́dàlì ni," ni Mọ́nsúrù wí.

Nígbà tí àkókò ìrun Alàásárì tó, ó fi ariwo sílẹ̀, ó ṣe àlùwàlá, ó wá abẹ́ igi kan tó mọ́. Ìbéèrè náà wá bá a níbẹ̀, bó ṣe máa ń wá, ó sì mú òmíràn dání: ẹni tí kì í kírun, ṣé òun ni Ọlọ́run lè fi dáhùn ẹni tó ń kírun? Kò mọ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ bàtà.