Ẹfinrin Tó Ń Ṣọ́ Tòmátò Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, l'Agége, lásìkò Sáàpù tí gbogbo nǹkan wọ́n, tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba, ilé-iṣẹ́ tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ l'Oregun dá wọn dúró. Ìyá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kóró tòmátò sínú àpótí pákó lẹ́yìn ilé. Bó bá hù tó ìka kan, àwọn tó ń dáko lẹ́bàá ojú irin yóò wá rà á lọ gbìn. Ẹ jẹ́ kó yé yín o, àwọn àpótí yẹn ló ń rán mi níléèwé.

Nǹkan funfun kan bí òwú ló máa ń bá wa jà. Orí ilẹ̀ tútù ló ti ń hù, bó bá sì dé ìdí tòmátò, ó parí nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi gbàgbé ẹfinrin ọbẹ̀ sínú àpótí kan tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Gbogbo àpótí tó kù ló bu, ìyẹn nìkan ni kò bu. Láti ọjọ́ náà, wọ́n á fọwọ́ ra ẹfinrin, wọ́n á kó o sínú agolo mílíìkì, wọ́n á gbé e sáàárín àpótí, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó. Ewé yẹn ò kan ilẹ̀ rárá. Òórùn rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n oògùn òyìnbó ti wọ́n jù nígbà náà, ẹfinrin sì ni oògùn inú rírun. Ládùúgbò wa, a kì í ta ewé inú rírun, a kì í sì í fi du ẹnikẹ́ni. Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, inú ń run gbogbo àdúgbò. Àwọn èèyàn ń wá já ẹfinrin ẹ̀yìn ilé wa ṣáá, títí ó fi ku igi lásán.

Mo ní, "Màámi, àpótí wa ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ṣé kí n wá máa fi ewé du ẹni tí inú ń run ni? Yóò tún rúwé."

Kó tó rúwé, gbogbo àpótí ti funfun báláú. Wọ́n ní oore kì í gbé. Tiwa gbé! Kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó já ewé tó wá béèrè pé báwo la ti ń jẹun. Mo fi iléèwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tiri, mo lọ ń di bisikíìtì sínú páálí n'Ílúpéjú.

Lónìí, kálukú ti mọ ògiri yí ilé rẹ̀ ká, inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń ta ẹfinrin, ẹ sì ń sọ fún mi pé ayé àtijọ́ ló dára, pé ìfẹ́ wà. Ó wà lóòótọ́. Èmi ni mo sanwó rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi ń kú lọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ṣé o ṣì ń bínú sí mi?" Mo ní rárá. Irọ́ ni mo pa.