Onígbàjámọ̀ Tó Ń Kọ Ráàpù

Bí mo bá ti gbọ́ ariwo kílípà báyìí, orí mi ni mo kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn. Onígbàjámọ̀ wa ní àdúgbò Gadumo ló fà á. Bí ráàpù bá ti dé sí i lẹ́nu, á dá iṣẹ́ dúró lágbedeméjì orí ẹni. Lọ́jọ́ kan, ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni iná lọ. Ìdajì irun ni mo gbé lọ sí ọ́fíìsì.

Ìjọba ló máa ń bú, àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé kì í jẹ́ kó bú wọn dáadáa. Nínú ráàpù náà, á kọ́kọ́ kí wọn bí àwa Okun ṣe ń kí àgbà: "Okun o, sà! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ń purọ́ sà!"

Mo ní, "Àbúrò, ta ló ń bẹ̀bẹ̀ kó tó bú èèyàn?"

Ó ní, "Ìyá mi ń gbọ́ o."

Nígbà tí káńsẹ́lọ̀ wá tọrọ ìbò, ẹ̀rọ omi àdúgbò ti gbẹ tipẹ́. Wọ́n gbé makirofóònù fún onígbàjámọ̀ pé kó yin àlejò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ sà, omi dà, sà?"

Káńsẹ́lọ̀ ní, "Dìde, ọmọ mi."

"Rárá o, sà. Bí mo bá dìde, omi wo ni n ó fi fọ eruku àyà mi?"

Ni àwọn ọ̀dọ́ yòókù bá dọ̀bálẹ̀ yí káńsẹ́lọ̀ ká, wọ́n ń gbè é: "Omi dà, sà?"

Káńsẹ́lọ̀ wo ọkọ̀ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Kò lè dé ibẹ̀. Ta ló máa dá ẹni tó ń kí i kọjá?