Àrìmíyàù Alábọ́ Tánganran àti Kíláàsì Ordinateur

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Àrìmíyàù ní ọjà Treichville, ọjọ́ tó lọ ná àyè ní ilé-ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rántí. Mùkàrámà ọmọbìnrin rẹ̀ náà ò gbàgbé. Lọ́jọ́ náà, ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Ọdún 1976 ni. Ó ku ọdún méjì kí Mùkàrámà jáde ní lycée, ilé-ìwé girama wọn. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun kan, informatique, ẹ̀kọ́ nípa ordinateur, ẹ̀rọ tó ń fi ìṣẹ́jú kan ṣe ìṣirò oṣù kan. Ogún ọmọ ni wọ́n mú. Mùkàrámà ló ṣe ipò kejì nínú ìṣirò, síbẹ̀ wọ́n ní kó lọ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi táípù tẹ̀wé. Ni Àrìmíyàù bá mú un, ó di ọ́fíìsì ilé-ìwé.

"Ogún ti pé," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí.

Mùkàrámà túmọ̀ Faransé náà fún bàbá rẹ̀.

"Sọ fún un pé kò sí ọjà tí kì í ní èènì. Tí mo bá ta ogún abọ́, mo máa ń fi ọ̀kan sí i. Kó fi ìwọ sí i."

"Kò sí àga."

"A ó gbé àga wá láti ilé."

"Monsieur, ọ̀rọ̀ ti parí."

Àrìmíyàù dìde, ó ká agbádá sí èjìká, ó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ bí oníbàárà tó ń retí kí wọ́n pe òun padà. Wọn ò pè é. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún bàtà ṣe. Wọn ò pè é. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ń kí ọlọ́dẹ, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ. Nígbà tí ìkíni tán, ó padà wọlé. "Ó dáa, mo ti gbọ́. Ẹ ní kí n máa bọ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. Lọ́jọ́ kejì, Mùkàrámà di ẹni kọkànlélógún, bàbá rẹ̀ ló sì ru àga wá.

Ilé-ìwé ò ní ordinateur kankan. Ilé-iṣẹ́ kan ní àdúgbò Plateau ni wọ́n ti ń lu iṣẹ́ wọn sára páálí pélébé-pélébé, ihò ara páálí yẹn sì ni ẹ̀rọ ń kà. Nígbà tí ìdánwò àṣejáde kù díẹ̀, Mùkàrámà gbé ọgọ́ta páálí wálé. Nígbà tó máa fi ti ilé-ẹ̀kọ́ dé lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀ ti po ẹ̀kọ, ó ti fi bébà lẹ gbogbo ihò náà pa.

"Eku ti jẹ ìwé rẹ," ó wí tayọ̀tayọ̀. "Mo ti bá ọ tún un ṣe."

"Ha, Bàbá! Ihò yẹn ni ọ̀rọ̀!"

Àrìmíyàù wo páálí sókè sódò. "Á jẹ́ pé mo ti pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn."

Omijé bọ́ lójú Mùkàrámà. Ọ̀la ló gbọ́dọ̀ kó iṣẹ́ náà fún olùkọ́. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ọkùnrin tí kì í ti ìsọ̀ àfi lọ́jọ́ Iléyá ti ìsọ̀ pa, ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sí Plateau. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Monsieur Joachim, olùkọ́ wọn.

"Ẹ má bínú sí ọmọ. Èmi gan-an ni eku."

Joachim sáré gbé e dìde, ó sì gbà kí Mùkàrámà lu páálí mìíràn. Bó ti ń lù ú, bàbá rẹ̀ lọ síwájú ordinateur, tó ga bí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o." Kẹ́kẹ́ pa. Ó fi Faransé kí i, "Bon courage." Ẹ̀rọ ò fọhùn. Ó wá fi Jùlá, èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà, kí i, "I ni baara." Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kàrà-kàrà-kàrà.

"Ẹ ò rí i! Jùlá ló gbọ́!"

Mùkàrámà tó ti ń sunkún láti àná ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ náà bọ́ sí àkókò, ó sì yege.

Ní 1979, àìsàn dá Àrìmíyàù dùbúlẹ̀. Mùkàrámà, tó ti wọ yunifásítì, jókòó tì í lórí ẹní.

"Ẹ̀rọ yín yẹn," bàbá rẹ̀ béèrè, "ṣé ó lè mọ ohun tó wà lọ́kàn èèyàn?"

"Kò lè mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Á jẹ́ pé ẹnu ara mi ni n ó fi sọ ọ́. Inú mi dùn pé èmi ni mo bí ọ."