Kóòtù Pupa Irene àti Àwọn Kannakánná

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni Casimir Dombek. Àwọn onísọ́ọ̀bù àárín ìlú Buffalo ló ń dáwó jọ san owó oṣù rẹ̀, kí àdúgbò wọn lè mọ́. Ó ń gbálẹ̀, ó ń bomi rin òdòdó. Tí òtútù bá dé, òun ló ń gbá pátákó kékeré méjì pọ̀ láti lé àwọn kannakánná tó ń yàgbẹ́ lé àwọn oníbàárà lórí.

Kannakánná kì í gbàgbé ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dúró de Casimir, tí wọ́n ń fi ẹnu sọ ọ́ lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún wọn. Ọ̀gá àwọn onísọ́ọ̀bù náà sọ fún un pé bí kò bá lè lé wọn mọ́, òun á wá ẹlòmíràn.

Ló bá yọ́ mú kóòtù pupa Irene ìyàwó rẹ̀ wọ̀. Àwọn ẹyẹ ò dá a mọ̀. Ó lé wọn títí wọ́n fi fò lọ, iṣẹ́ ò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Irene wọ kóòtù náà, ó dé fìlà, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ìlú. Kò ní fìlà lórí mọ́ nígbà tó padà dé.

"Casimir, kí ni mo fi ṣe àwọn ẹyẹ yẹn?"

"Bóyá wọn ò fẹ́ràn àwọ̀ pupa ni."

Irene ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó fa pátákó kan yọ. "Pátákó ta nìyí?"

Casimir wolẹ̀. "Iṣẹ́ ni, Irene."

"Ó dáa. Kí iṣẹ́ lọ dáná fún ẹ."

Nírọ̀lẹ́, Irene din pierogi, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sí nínú, fún ara rẹ̀ nìkan. Casimir jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà inú agolo, ní tútù.