Ohun Tó Rí Nọ́ọ̀sì Lára

Kò sí ìdọ̀tí tí nọ́ọ̀sì yìí kò tíì fọwọ́ kàn rí. Wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ló ti ń ṣiṣẹ́, egbò tó bá ń ṣomi, tó ń rùn dé ẹnu ọ̀nà, òun ni wọ́n máa ń ké sí. Á wọ ìbọ̀wọ́, á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, á sì máa bá ẹni tó ni ín ṣàwàdà kó lè gbàgbé oró. Bó bá ṣe tán, á fọwọ́, á jókòó ti oúnjẹ rẹ̀, á jẹ ẹ́ tán, á tún lá ṣíbí. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Á ní, "Ìyá Ìbejì, bí o bá jìn sí ṣálángá, ọṣẹ lo máa kọ́kọ́ béèrè kí o tó béèrè àkàbà."

Obìnrin tí nǹkan kì í rí lára yìí náà ló wá kó ìríra nínú kíláàsì ìṣirò.

Bó ṣe dé ibẹ̀ ni pé ó máa ń ṣàkíyèsí pé àwọn egbò kan kì í jiná bọ̀rọ̀, tí ti àwọn ẹlòmíràn á sì jiná kíá, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi òǹkà wá ìdí àìsàn. Nígbà tí àwọn ìbejì rẹ̀ ti dàgbà tó láti máa fọ aṣọ ara wọn, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí òpin ọ̀sẹ̀, ó bá àwọn ọmọ tí òun lè bí wọ yunifásítì. Wọ́n ń pè é ní Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí gbogbo ọmọ ọdún kìíní gbọ́dọ̀ ṣe, aljẹ́bírà onílà lorúkọ rẹ̀. Òǹkà ni wọ́n ń tò léra wọn bíi bíríkì, tí wọ́n ń pè ní màtíríìsì. Wọ́n á yọ ìlà kan kúrò nínú èkejì, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n á tún un tò, títí ìdáhùn á fi jáde. Gbọ̀ngàn ńlá tí àdán ti gba àjà rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ìgbẹ́ àdán ń kán sórí àga, àwọn ọmọ ń fi aṣọ bo imú. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kàn nu àga rẹ̀ ni, ó jókòó. Ìgbẹ́ àdán ò tó nǹkan lójú rẹ̀.

Olùkọ́ wọn mọ́ ju gbọ̀ngàn náà lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun láúláú, òróró irun rẹ̀ ń ta sánsán. Bó bá ti wọlé, á kọjú sí bọ́ọ̀dù, á kọ̀wé láti òkè délẹ̀, bó bá sì kọ ìlà kan tán, á ní, "Ó hàn gbangba." Á kọ òmíràn, "Èyí náà hàn gbangba." Nǹkan kan kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ wá sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Ó-Hàn-Gbangba. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì má da ara rẹ̀ láàmú, pé ìbéèrè kan náà ló ń gbé wá lọ́dọọdún, kó há ìdáhùn rẹ̀ sórí, kó lọ dà á síwèé. Ní ìdánwò kékeré àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì há a sórí lóòótọ́, ó sì gba máàkì rẹpẹtẹ. Nígbà tí ó rí máàkì náà, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó rí irun nínú ọbẹ̀. Kò lóye nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yìn ín.

Ọmọbìnrin kan ń jókòó tì í, ọmọ tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ló ń gbé. Kékeré ni wọ́n ń pè é. Ohùn rẹ̀ kì í jáde, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó nàwọ́ sókè.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí a fi lè yọ ìlà kan kúrò nínú òmíràn, tí ìdáhùn ò sì ní yí padà?"

Olùkọ́ náà yíjú padà. Inú rẹ̀ dùn, bíi ti ológbò tó rí eku tó fúnra rẹ̀ rìn wá. "Máa bọ̀ níwájú níbí. Gba ṣọ́ọ̀kì. Fi ohun tó rú ọ lójú han gbogbo wa."

Kékeré gba ṣọ́ọ̀kì, ó dé iwájú bọ́ọ̀dù. Kò kọ nǹkan kan.

"Ẹ wò ó," olùkọ́ náà ní, "òdo ni mo ní kí wọ́n wá nínú màtíríìsì, mi ò mọ̀ pé ó ti wà nínú orí ẹnì kan níbí tẹ́lẹ̀."

Gbọ̀ngàn náà bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ń dúró, kò jẹ́ kí ọmọ náà padà sí àyè rẹ̀. Ó tún bi í, "Ta ló ní kí o wá sí yunifásítì?" Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì rí i pé omi ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ Kékeré, tó ń wọ inú bàtà rẹ̀. Ọmọ náà ti tọ̀ sára. Àwọn tó wà níwájú rí i, ẹ̀rín yí padà di ariwo, fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lápò. Wọ́n ń ya fọ́tò. Olùkọ́ náà gbé bàtà rẹ̀ sẹ́yìn kí ìtọ̀ má baà kàn án, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nọ́ọ̀sì dìde. Ó bọ́ aṣọ òtútù rẹ̀ bó ti ń lọ, ó so ó mọ́ ìdí ọmọ náà, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì, ó sì mú un jáde. Ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi omi ẹ̀rọ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn bó ṣe máa ń fọ ti àwọn aláìsàn rẹ̀. Kékeré ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ìtọ̀ ni."

"Ìtọ̀ ni kẹ̀? Ìtọ̀ ò ṣe nǹkan. Gbé ẹsẹ̀ kejì."

Lọ́jọ́ náà, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó bó ṣe ń fi ṣíbí ti oúnjẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ìyá Ìbejì, egbò wo lo rí lónìí?"

"Kì í ṣe egbò. Ẹ̀rín ni." Ó ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bí mo bá rántí eyín wọn, ńṣe ni inú mi ń ru."

Láti ọjọ́ náà ni Kékeré ti ń wá bá a kàwé ní ibi iṣẹ́ káfíńtà. Àárín igi àti èérún pákó ni wọ́n ti ń kọ́ ara wọn, wọ́n ń fi pẹ́ńsù káfíńtà kọ ìṣirò sára pákó tí kò wúlò mọ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ìdí kan dì mú. Ohun tó rú wọn lójú jù ni ìgbà tí olùkọ́ bá ṣe ìsodipúpọ̀ ní ìdábùú, láti igun sí igun, tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, tó kan òdo, tó sì ní "kò ní ìdáhùn kan pàtó, ó hàn gbangba." Kí ni òdo ń ṣe níbẹ̀?

Lọ́jọ́ kan nọ́ọ̀sì rántí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ó ní, "Kékeré, gbọ́. A ní ìyẹ̀fun wàrà méjì. Ṣíbí kan ti àkọ́kọ́ ní ọ̀rá méjì, ó ní èròjà tó ń mú ara dàgbà ẹyọ kan. Ṣíbí kan ti èkejì ní ọ̀rá mẹ́rin, ó ní èròjà yẹn méjì. Dókítà wá ní kí n po èyí tó máa ní ọ̀rá márùn-ún àti èròjà mẹ́rin. Pò ó fún mi."

Kékeré kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. "Kò bọ́ sí i, mà."

"Tún un gbìyànjú."

Ọmọ náà gbé pẹ́ńsù dúró. Lójijì ló fò sókè, ohùn tí kì í jáde náà jáde. "Kò lè bọ́ sí i láéláé! Ìyẹ̀fun kejì yìí, ìkíní náà ni! Wọ́n kàn sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ni. Bó ṣe wù ká pò ó tó, ọ̀rá á máa jẹ́ ìlọ́po méjì èròjà ṣáá ni!"

Nọ́ọ̀sì to òǹkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpótí bí olùkọ́ ṣe máa ń tò wọ́n. Méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin. Mẹ́rin lọ́nà ẹyọ kan, mẹ́rin. Yọ ọ́ kúrò. Òdo.

"Ohun tó ń sọ nìyẹn!" Kékeré ní. "Ó ń sọ pé ẹni méjì ló wọlé, ẹnì kan ṣoṣo ló mú nǹkan wá."

Káfíńtà gbójú sókè látibi tó ti ń fá igi. "Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, bí wọ́n bá wá kí wa." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

Ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn ò dúró síbi kan. Ó ń lọ láti fóònù dé fóònù, bí Kékeré bá sì ti wọ gbọ̀ngàn, ẹnì kan á fẹnu ṣe "ṣìììì" bí omi tó ń dà. Kí ìdánwò ńlá tó dé, ó ti dáwọ́ wíwá dúró. Nọ́ọ̀sì wá a dé ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyá rẹ̀, ó bá a níbi tó ti ń ká aṣọ.

"Mi ò lọ mọ́, mà," ni Kékeré wí, kò wo ojú rẹ̀. "Ìṣirò yẹn ò burú. Èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì jókòó tì í. Ó bá a ká aṣọ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ìdánwò dé. Lọ́dún yìí, Ọ̀gbẹ́ni Ó-Hàn-Gbangba yí gbogbo òǹkà padà, ó sì kọ sí abẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan pé, "Sọ ìdí." Ẹ̀rù ba àwọn tó há a sórí, wọ́n ń wo àjà bíi pé àdán máa sọ ọ́ fún wọn. Nọ́ọ̀sì kọ ìdí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, bí òun àti Kékeré ṣe sọ ọ́ láàárín èérún pákó. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, olùkọ́ ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì.

"Ta ló kọ èyí fún ọ?" Ìwé nọ́ọ̀sì wà níwájú rẹ̀. "Kì í ṣe bí mo ṣe kọ́ yín nìyí."

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà."

Ó ju ìbéèrè mìíràn sí i. Nọ́ọ̀sì ṣe é lójú rẹ̀, ó sọ ìdí rẹ̀. Ojú olùkọ́ náà rọ̀, ó ń mi orí. Ó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa bá òun kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní, pé irú ọpọlọ báyìí ṣọ̀wọ́n, pé kó wá gba iṣẹ́ náà.

"Sà, ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ọmọ wo?"

"Èyí tí ẹ pè síwájú bọ́ọ̀dù, tó tọ̀ sára. Òun la jọ rí ohun tí mo kọ síwèé yẹn."

Olùkọ́ náà gbé orí sókè, ó ronú. Ó ronú tọkàntọkàn, ojú rẹ̀ fi hàn pé kò díbọ́n. Níkẹyìn ó ní, "Mi ò rántí. Àwọn tí mo ń pè síwájú pọ̀."

Òórùn òróró irun rẹ̀ bá nọ́ọ̀sì nímú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dìde. "Sà, mo ti fọ egbò tí ìdin ń yọ nínú rẹ̀ rí. Kò rí mi lára. Ẹ̀yin lẹ rí mi lára."

Ọkùnrin náà nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ó ní, "Jáde."

Nọ́ọ̀sì jáde. Ó dé ẹ̀yìn ilé náà, ó di ògiri mú, ó bì títí kò fi sí nǹkan kan níkùn rẹ̀ mọ́. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ dúró wò ó. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ṣé oyún ni?"

"Ká ní oyún ni," nọ́ọ̀sì ní, "èmi náà ì bá mọ ọjọ́ tó máa tán."

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó ní, "O ti fẹnu ara rẹ kó bá ara rẹ. Ọkùnrin yẹn á fi máàkì gbẹ̀san lára rẹ ni." Àwọn méjèèjì gbà pé ó ti fìdí rẹmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ara ògiri, máàkì tí iṣẹ́ rẹ̀ tó ló bá níbẹ̀, ọ̀kan ò dín. Òun gan-an ló gba jù nínú kíláàsì. Nọ́ọ̀sì dúró níwájú ògiri yẹn, inú rẹ̀ ò dùn. Ì bá rọrùn fún un ká ní ọkùnrin náà rẹ́ ẹ jẹ, kó lè kórìíra rẹ̀ tán pátápátá, kó sì gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó lè díwọ̀n ìwé dáadáa báyìí, tí kò wá lè rántí ojú ọmọ tó dójú tì, kò mọ ibi tí òun máa gbé e sí lọ́kàn.

Ó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Apá kejì aljẹ́bírà náà, ọkùnrin yẹn náà ló kọ́ wọn, nọ́ọ̀sì sì ń lọ, ó ń kọ ohun tó yẹ ní kíkọ, ìríra náà jókòó tì í bí ẹni tó sanwó àga tirẹ̀. Kékeré ò padà. Ó ń bá àbúrò ìyá rẹ̀ ta aṣọ, ó sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Bí ààyè bá gbà á, á yà sí ibi iṣẹ́ káfíńtà, á jókòó sórí ìtì igi, á ní, "Mọ̀mí, kí ni wọ́n kọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí?" Nọ́ọ̀sì á na pẹ́ńsù sí i, wọ́n á sì wá pákó tó tẹ́jú.